Igbó tí Wifredo Lam Yà: Ṣé Tiwa Ni?

Ọjọ́ tí a kóra jọ lọ wo àwòrán tí Wifredo Lam pè ní La Jungla ní mùsíọ́mù MoMA ní New York, àwa mẹ́fà ni a lọ. Mẹ́rin nínú wa ti ṣe ìyàwó òrìṣà tipẹ́. Àwọn méjì tó kù ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́, ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni wọ́n tíì gbà. Ìyá àgbà ilé wa, tí wọ́n gbé Yemọja lé lórí ní Cuba nígbà tí púpọ̀ nínú wa kò tíì dáyé, ni wọ́n síwájú. Wọ́n dúró níwájú àwòrán náà, wọn kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Àwa ń retí pé wọn yóò dárúkọ àwọn òrìṣà tí wọ́n rí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ìrèké ni mo rí. Ta ló sọ fún yín pé igbó nìyí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó bí àròkọ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ wa ti dábàá pé kí á tẹ àwòrán náà sára aṣọ tí ilé wa yóò wọ̀ fún ọdún, nítorí ó gbà pé àwòrán àwọn òrìṣà nínú igbó ni. Àwọn kan fara mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ọmọ wa ni Lam, ilé olórìṣà ló ti jáde, kí a má jẹ́ kí òyìnbó nìkan máa fi í yangàn. Àwọn mìíràn yarí. Wọ́n ní ẹni tí òrìṣà pè tí kò jẹ́, a kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe aṣọ ọdún. Àwa tí a ń kọ èyí kò lè dá sí i kí a tó wo iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí apá méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa Lam bí ẹni pé ó tó kí a mọ ìyá ìsàmì rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ibi tó ti wá. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1902 ni wọ́n bí i ní Sagua la Grande ní Cuba, ìlú tí oko ìrèké yí ká. Baba rẹ̀, Enrique Lam-Yam, ará Ṣáínà ni, láti agbègbè Canton. Ó ti di àgbàlagbà pátápátá nígbà tí wọ́n bí ọmọ yìí. Ìyá rẹ̀, Ana Serafina Castilla, ní ẹ̀jẹ̀ Kóńgò àti ti Sípéènì lára. Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì dárúkọ Yorùbá. Ọ̀dọ̀ Mantonica Wilson ni tiwa ti wọlé. Olórìṣà ni, ó tún jẹ́ adáhunṣe tí òkìkí rẹ̀ kàn ní àdúgbò, òun sì ni ìyá ìsàmì Lam, èyí tí àwọn ará Cuba ń pè ní madrina. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọmọdé náà ti rí bí a ṣe ń bọ òrìṣà. Ìyá náà fẹ́ kí ó tẹ̀lé òun. Kò tẹ̀lé e, a kò sì fi í ṣe ìyàwó òrìṣà títí ó fi kú. Àwa kò ní bá a jà lórí èyí. Ó kéré tán, ẹni méjì nínú ilé wa sá fún orí wọn fún ogún ọdún kí wọ́n tó padà wá jókòó.

Lam fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn kan nípa ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ó jí lóru, ó rí òjìji àdán lára ògiri yàrá rẹ̀, òjìji náà sì dà bí ohun tí ó ní orí méjì. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti mọ̀ pé òun wà láyé. Ìtàn tí ayàwòrán bá sọ nípa èwe rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àdán náà kò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹ́, èékánná àti orí tí ó pín sí méjì kún inú àwòrán rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó.

Ní 1916 ó lọ sí Havana, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán ní San Alejandro. Ní 1923 ìlú rẹ̀ fún un ní owó ìrànwọ́, ó sì wọkọ̀ lọ sí Sípéènì. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó lò níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọdún ayọ̀ gbogbo rẹ̀: ní 1931 ikọ́ fée pa Eva Piriz ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin tí wọ́n bí. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn ìjọba tí Franco ń bá jà ni ó wà. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, àwọn àwòrán ilẹ̀ tí ó yà ní Sípéènì dára, wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ó ya àwọn ilé tí ó rọ̀ mọ́ etí àpáta ní ìlú Cuenca. Ẹ rí òkè, ẹ rí ilé, ẹ rí ojú ọ̀run lókè wọn. Ẹni tó yà á dúró sí òkèèrè, ó ń wò. Ẹ rántí ibi tí ó dúró sí yìí, a óò padà sí i.

Ní 1938 ó sá dé Paris, ó pàdé Picasso, Picasso sì mú un bí àbúrò. Michel Leiris fi ère àti ìbòjú ilẹ̀ Áfíríkà hàn án ní Musée de l'Homme. Ibí yìí ni àríyànjiyàn máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà pẹ́ kí wọ́n tó yé sọ pé Picasso ló kọ́ Lam ní Áfíríkà. Àwọn tiwa ń dá wọn lóhùn pé ìyá ìsàmì rẹ̀ ló kọ́ ọ, Picasso kò mọ nǹkan kan. Apá méjèèjì ń bù mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé olórìṣà ní Cuba, ẹ bi ara yín: mélòó ni ìbòjú gbígbẹ́ tí ẹ rí níbẹ̀? Ọta ni a rí, àti owó ẹyọ, àwo ìkòkò tí ó ní ọmọrí, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Òrìṣà ń bẹ nínú ohun tí a bò mọ́lẹ̀. Àwọn ojú tí ó tẹ̀ bí oṣù àbọ̀ nínú iṣẹ́ Lam, tí ojú wọn kéré tí àgbọ̀n wọn yọ síta, Paris ni ó ti rí irú wọn, lára ère tí a kó láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà púpọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe Yorùbá rárá. Ẹni tó bá ń wá ọ̀dọ̀ Mantonica Wilson nínú àwòrán náà, kí ó má wá a lára ìbòjú. Níbòmíràn ló wà.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hitler wọ Faransé, Lam sá lọ sí Marseille, ó dúró ti André Breton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1941 wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi Capitaine Paul-Lemerle pọ̀, ọkọ̀ kan náà tí Claude Lévi-Strauss wọ̀. Ní Martinique ó pàdé akéwì Aimé Césaire, tí ó ti kọ ewì gígùn nípa ẹni tó ń padà sílé. Ó dé Cuba ní oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún. Ohun tí ó rí nílé bí i nínú: àwọn aláfẹ́ láti Amẹ́ríkà kún Havana, wọ́n sọ ìlù àti ijó àwọn ènìyàn dúdú di ohun ìṣeré alẹ́, àwọn tó ni ìlù náà sì wà nínú òṣì. Ó pinnu pé òun kò ní ya àwòrán tí yóò dùn mọ́ àlejò. Lydia Cabrera, tí ó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn olórìṣà àgbà, di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun ni ó túmọ̀ ewì Césaire sí èdè Sípéènì, tí Lam sì ya àwòrán sí i ní 1943.

Ọdún náà gan-an ni ó parí La Jungla. Orí bébà aláwọ̀ ilẹ̀, irú èyí tí a fi ń di ẹrù, ni ó yà á sí, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 239, ó fẹ̀ ní 230. Ó ga ju ènìyàn lọ, ẹsẹ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì sún mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ẹni tí ń wò ó wà. Ọ̀dà rẹ̀ kò nípọn. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí ibi tó ti ṣàn bí omi, ẹ ó sì rí bébà náà fúnra rẹ̀ tó ń yọjú. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró ló pọ̀ jù, bí ìmọ́lẹ̀ òru. Pupa àti àwọ̀ ọsàn ń tàn káàkiri bí iná tí a bò. Àwọn ẹ̀dá mẹ́rin dúró pọ̀. Ẹsẹ̀ wọn gùn bí igi ìrèké, ìdí wọn rí roboto, ọmú wọn rọ̀ bí ìbẹ́pẹ. Ewé tábà ń bẹ láàárín wọn. Ẹ kò lè sọ ibi tí apá ti parí tí igi ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ojú ọ̀run. Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà wọlé. Ẹni tó ya Cuenca dúró sí òkèèrè bí onílẹ̀ tí ń wo ohun ìní rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán ilẹ̀ àwọn òyìnbó ti rí fún ìgbà pípẹ́, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Lam gba ibi ìdúró yẹn lọ́wọ́ wa. Níwájú La Jungla, àwa ni ilẹ̀ náà ń wò. Ní tiwa, ibi tí ó ti di ayàwòrán ilẹ̀ gidi nìyí, ọjọ́ tí ó jáwọ́ nínú yíya ohun tí ojú ń rí ní òkèèrè. Ọmọ Yorùbá tó ti ka ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, mọ irú ibẹ̀: igbó tí ọdẹ wọ̀, tí igbó náà sì ti mọ orúkọ ọdẹ kí ọdẹ tó lanu. Lam kò ka Fágúnwà, Fágúnwà kò sì mọ Lam. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn igbó lẹ́nu àgbà, ibikíbi tí wọ́n bá kó o lọ, kò ní ya igbó bí ọgbà òdòdó.

A padà sí ọ̀rọ̀ Ìyá wa. Ìrèké ni wọ́n rí, wọ́n sì tọ̀nà. Lam fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé orúkọ tí òun fún àwòrán náà kò bá ilẹ̀ Cuba mu, pé kò sí irú igbó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, pé oko ìrèké ló wà lẹ́yìn àwọn ẹ̀dá náà. Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí ju èdè Sípéènì lọ. Ẹgàn ni igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá oko sí. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko. Oko ni ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn. Ìrèké kì í dá wù lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹnìkan ló gbìn ín, ẹnìkan ló gé e, a sì mọ irú ẹni tí wọ́n fi gé e ní Cuba títí di 1886 tí oko ẹrú parí níbẹ̀. Bí a bá túmọ̀ orúkọ àwòrán yìí sí “Igbó,” a ti pa ìtàn náà. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí “Oko Ìrèké” nìkan, a tún ti pa á, nítorí oko kan kò lójú bẹ́ẹ̀. Ohun tí Lam yà ni oko tí igbó ń padà wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ fún ṣúgà, tí àwọn tí wọ́n fi ṣẹrú níbẹ̀ sì sọ di ilé òrìṣà lóru.

Ibí yìí ni a ti rí ọwọ́ Mantonica Wilson. Kò sí ewé, kò sí òrìṣà; gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa dé Cuba, ewé tí wọ́n mọ̀ kò sí níbẹ̀ tán. Wọ́n ní láti tún igbó kà bí ìwé tuntun, kí wọ́n fi ewé ibẹ̀ dípò ewé ilé, kí wọ́n fún un lórúkọ, kí wọ́n mọ orin tí yóò jẹ́. Ìwé El Monte tí Cabrera tẹ̀ jáde ní 1954 kún fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adáhunṣe, kò lè ya ewé bí ohun ọ̀ṣọ́. Nínú La Jungla ewé ní ojú. Ewé ní ara, ara sì ní ewé. Kò sí ìbòjú Paris kankan tó lè kọ́ ènìyàn ní ìyẹn.

Lókè, ní apá ọ̀tún, ọwọ́ kan yọ jáde tó di àlùmọ́gàjí mú. Àwọn olùtúmọ̀ ti sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní Lam fẹ́ gé ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn amúnisìn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: inú oko ìrèké ni a wà, àdá ni ó yẹ kí ọwọ́ náà dì mú. Bí ó bá jẹ́ àdá ni, ìkórè ni à bá pè é. Àlùmọ́gàjí kì í gé ìrèké. Irin Ògún ni, òótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni a fi í ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó tí a ti tọ́jú orí yín mọ ìgbà tí a máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́bàá etí. A kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò sì ní sọ pé ohun tí Lam ní lọ́kàn nìyẹn, nítorí kò wọ yàrá náà rí. Ohun tí a sọ ni pé olórìṣà tó bá dúró níwájú àwòrán náà yóò gbọ́ ọ, ìgbọ́ náà sì jẹ́ ara ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe lónìí.

Láàárín ọdún 1940 sí 1960 Lam ya obìnrin kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn òyìnbó fi Faransé pè é ní femme-cheval, wọ́n sì ń wá ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìtàn Gíríìkì. Kí ni wọ́n ń wá lọ? Àwa ní ọ̀rọ̀ fún un. Òrìṣà a máa gun ènìyàn. Ẹni tí ó ń gùn ni ẹlẹ́gùn, ẹṣin òrìṣà ni. Ní Cuba pẹ̀lú, caballo ni wọ́n ń pe ẹni tí òrìṣà gùn. Ohun tí ó dára jù nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí ni pé Lam kò ya ẹni tó ń gùn. Ẹṣin nìkan la rí, ọrùn rẹ̀ nà, imú rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ ti kúrò níhìn-ín. Ẹni tó bá ti rí ẹlẹ́gùn nígbà tí òrìṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé mọ ọrùn yẹn. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1950, ẹṣin náà ti rẹ̀. Ó ń yà á nítorí pé àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ìlà rẹ̀ dán, ó dọ́gba, kò sì sí ẹni tó ń gùn ún mọ́.

Ibòmíràn tí a ti ní aáwọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni ti Ẹlẹ́gbà. Orí kékeré roboto kan ń yọjú káàkiri inú iṣẹ́ rẹ̀ láti 1942 lọ, láàárín ewé, lórí àwo, lórí ẹ̀yìn ẹṣin. Gbogbo ènìyàn gbà pé Ẹlẹ́gbà ni, ó sì dára bí kò ṣe ń jókòó sí ibì kan. Oríta ni gbogbo ibi fún un. Ní 1943 ó tilẹ̀ pe àwòrán kan ní Malembo, ọlọ́run oríta. Ṣùgbọ́n kí ni ìwo méjì ń wá lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí náà? Ère Èṣù nílé ní irun gígùn tí ó tẹ̀ sẹ́yìn. Kò ní ìwo méjì bí ewúrẹ́. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ pé Èṣù kì í ṣe Sátánì, tí a ń tú ohun tí ìtumọ̀ Bíbélì ṣe sí orúkọ yẹn látọjọ́ Crowther, kò lè rẹ́rìn-ín sí ìwo yẹn. Ó ṣeé ṣe kí Lam fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ti inú ilé náà wá ni ẹ̀fẹ̀ náà máa ń tàn jẹ.

Ní ti orúkọ àwọn àwòrán, ẹ ṣọ́ra. Lydia Cabrera ló fún púpọ̀ nínú wọn lórúkọ, lẹ́yìn tí Lam ti yà wọ́n tán. Omi Obini, ti 1943, “omi obìnrin” ni etí wa gbọ́. Ní 2020 wọ́n tà á ní New York ní iye tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là. Òmíràn ń jẹ́ Ogue Orisa, tí wọ́n fi Faransé túmọ̀ sí koríko àwọn ọlọ́run; “ewé òrìṣà” ni àwa rò pé ẹnu àgbà kan sọ kí ọwọ́ akọ̀wé tó yí i. Ní London, Tate ní èyí tí ó ń jẹ́ Ibaye, ti 1950. A kò ní láti túmọ̀ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó ti júbà àwọn òkú ilé rẹ̀ lọ́nà ti Lukumí rí. Inú wa dùn láti rí èdè wa lára ògiri wọn. Ṣùgbọ́n Malembo, ọ̀rọ̀ Kóńgò ni, ti ẹ̀yà ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo igbó Lam fún Yorùbá ń gba ilẹ̀ onílẹ̀.

Ìparí 1945 ni ó lọ sí Haiti, ó sì wo ètùtù vodou níbẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé sá kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ ló kù, ìlà mú bí ẹ̀gún. A kò ní pẹ́ lórí àwọn àwòrán wọ̀nyí. Wọ́n lágbára, ṣùgbọ́n ìbínú pọ̀ nínú wọn ju ewé lọ.

Èyí tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ sára aṣọ, ni ọ̀wọ́ àwòrán tí ó yà ní 1958 tí ó ń jẹ́ Brousse. Ọ̀rọ̀ Faransé náà kò ju igbó lọ, igbó lásán. Nínú wọn kò sí ẹṣin mọ́, kò sí ìbòjú, kò sí ìwo, kò sí Ẹlẹ́gbà tó ń yọjú. Ìlà búrọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń kọjá lára ara wọn, bí igi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lóru. Ẹni tó bá fẹ́ lè ní kò ya nǹkan kan. Ní ojú tiwa, ibẹ̀ ni ó ti sún mọ́ ìyá ìsàmì rẹ̀ jù, nítorí ohun tó wà nínú igbó wà níbẹ̀, a kò sì rí i. Olórìṣà ni ó yẹ kí èyí kọ́kọ́ yé. A ti bo ohun pàtàkì mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọrí ni a ń fi han àlejò. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Lam ń ya ohun tó wà nínú àwo. Ní 1958 ó bo àwo náà.

Ó kú ní Paris ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982. Ní 1988 akéwì John Yau kọ̀wé pé, pẹ̀lú gbogbo iyì La Jungla, ọ̀nà ibi tí àwọn àlejò ti ń gbé kóòtù wọn kọ́ ni MoMA gbé e sí, bẹ́ẹ̀ sì ni láti 1945 ni wọ́n ti rà á. Wọ́n ti gbé e wọ inú yàrá báyìí, láàárín àwọn iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí a sọ ìtàn yẹn fún Ìyá wa, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ bínú, wọ́n ní ìwọ̀sí ni. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹnu ọ̀nà kọ́ ni Ẹlẹ́gbà ń gbé ni?” Lẹ́yìn náà wọ́n ní òyìnbó kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀, nítorí náà ìwọ̀sí ni lóòótọ́.

Ní ti aṣọ, a dáhùn báyìí. Lam kì í ṣe olórìṣà, àwòrán rẹ̀ kì í sì í ṣe ojúbọ. Kí ọmọ ẹ̀kọ́ kankan má fi í dípò ohun tí a ń kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé kò kàn wá kò tíì dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ tó. Ó gbọ́ ìpè, kò jẹ́, síbẹ̀ ó lo ogójì ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ láti máa ya ibi tí ìpè náà ti wá. A ó máa kó àwọn ọmọ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pẹ̀lú àgbà kan tó mọ ìrèké. Aṣọ ọdún tiwa lọ́dún yìí, funfun ni.